Àyọ̀ká Tún Ti Dé

Àwọn tó ṣì rántí bàbá àgbà mi ní Bẹyẹrúnká kò pọ̀ mọ́, àwọn tó sì rántí rẹ̀ a máa sọ pé, "Bàbá tó ń fi ẹyẹlé sáré." Mo máa ń fẹ́ tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe díẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹyẹlé rẹ̀ a máa bá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré, òótọ́ sì ni pé odindi agboolé a jáde síta wo ojú ọ̀run lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n eré náà kọ́ ni Bàbá fẹ́ràn. Oúnjẹ ni. Bí ó bá ti bọ́ àwọn ẹyẹ rẹ̀ bí ó ti yẹ kí ó bọ́ wọn lásìkò náà, tí ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké jẹ́jẹ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí nìyẹn. Kí wọ́n fò, kí wọ́n má fò, ó di ọwọ́ wọn.

Orúkọ rẹ̀ ni Sànúsí Àkànní. Iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ni ó ń ṣe. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni ó fi ń ṣọnà sí ọrùn àti àyà agbádá àwọn ẹni ńlá, nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ kò tíì wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn. Mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú títí mo fi di ọmọge. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báyìí. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ bí a ti ń kọ àròkọ nípa ẹni tí a fẹ́ràn, ṣùgbọ́n n kò kọ ti Bàbá rí. Ìdí rẹ̀ ni pé àṣìṣe kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ó jẹ́ tèmi. Bàbá gbé e ka orí ara rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ibẹ̀ pàdánù ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní láti ilé kéwú. N kò ní kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo rántí ni n óò sọ, kí n lè dé ibi tí mo ń lọ.

Ìró ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Abẹ́rẹ́ ti jẹ ojú Bàbá kí n tó gbọ́njú. Ó lè rí ọnà tó wà ní itan rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá jìnnà díẹ̀ ti di òjìji lójú rẹ̀. Etí ni ó fi ń yẹ ọkà wò. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú igbá, yóò gbé e sẹ́bàá etí, yóò sì mì í. Ọkà tó bá gbẹ ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́. Èyí tí kò gbẹ ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ìka lu itan ara rẹ̀.

"Àṣàkẹ́, wá gbọ́. Kí ló ń wí?"

"Ó ní òun ti gbẹ, Bàbá."

"Tún gbọ́."

Mo tún gbé igbá náà sétí, mo sì mì í bí ó ti máa ń mì í, láìkánjú. "Ó ku díẹ̀, Bàbá."

"Ẹ̀hẹ́n. Ohun tí o fẹ́ lo kọ́kọ́ gbọ́."

Inú ìkòkò amọ̀ ni àwọn ẹyẹ náà ń gbé, tí Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ wọn lélẹ̀ lórí pákó gígùn kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Koríko ni òrùlé apá ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí koríko kúrò lórí ilé tí wọ́n sì ń kan páànù, Múnírù, àkọ́bí Bàbá, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, fẹ́ kí a kan tiwa náà. Bàbá gbà kí wọ́n kan gbogbo ilé, àfi apá ibi tí ẹyẹ wà. Ó ní ariwo òjò lórí páànù kò ní jẹ́ kí àwọn tó ń sàba lé ẹyin rójú.

"Bàbá, gbogbo ará Bẹẹrẹ ló ti kan páànù tán."

"Ará Bẹẹrẹ kò sàba lé ẹyin," ni Bàbá wí, ó sì padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, Bàbá kì í béèrè oṣù tí a wà. Ohun tí ojú ọjọ́ ń ṣe ló ń béèrè. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí ètè gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í là, ó fi ẹ̀pà díẹ̀ kún ọkà bàbà wọn. Ó ní òróró inú rẹ̀ ni yóò máa mú ara wọn gbóná. Bí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í jó orí ẹni, ẹ̀pà tán nìyẹn. Ọkà bàbà nìkan ni, kò sì ní kún ọwọ́, pẹ̀lú àwo omi ńlá kan tí wọn yóò máa wẹ̀ nínú rẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò ló ń fọ ojú ọ̀run mọ́, ìgbà yẹn sì ni wọ́n máa ń fi ẹyẹ sáré. Lẹ́yìn eré ni wọ́n ń pa ọmọ. Bàbá a wá fi òtílì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kún oúnjẹ wọn, a sì gún karawun ìgbín mọ́ iyọ̀ díẹ̀ kí èèpo ẹyin wọn lè le.

Nígbà tí òjò bá wá ń rọ̀ láìdá, kò sí ọkà kan tí yóò fún wọn tí kò ti orí àjà sọ̀ kalẹ̀, níbi tí èéfín ilé ìdáná ti ń fẹ́ sí i. Ìgbà yẹn ni gbogbo ìlú ń jẹ àgbàdo tuntun. À ń sè é, à ń sun ún, inú wa sì ń dùn, ṣùgbọ́n ẹyẹ Bàbá kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Àgbàdo tuntun tí kò gbẹ dénú a máa wú nínú àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn ẹyẹlé, a kan síbẹ̀, ẹyẹ náà a sì kú. Ó di ìgbà tí àrọ̀kúrọ̀ òjò bá ń parí lọ, tí àgbàdo náà ń dún bí òkúta nínú igbá, kí ó tó kan ẹnu wọn. Bí mo bá lọ bu ọkà láìbéèrè, Bàbá á pè mí padà. Kì í bínú. Ohun kan náà ni yóò sọ: "Wo ìta kí o tó wo inú àpò."

Ìyá Àgbà kò fẹ́ràn ìgbà ọyẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà.

"Bàbá Múnírù, ẹ̀pà tí mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ dà?"

"Ọyẹ́ mú."

"Ọyẹ́ kò mú èmi?"

"Ìwọ ní ìró méjì lára. Àwọn wọ̀nyí kò ní ju ìyẹ́ lọ."

"Ṣé kí èmi náà hu ìyẹ́ ni, kí ẹ tó fún mi lẹ́pà?"

Nígbà tí Ìyá Àgbà jí lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Bàbá ti wà nídìí ìkòkò àwọn ẹyẹ, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa. "Tìrẹ nìyẹn," ni ó wí, "kí o má tíì hùyẹ́."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá Ràímì, aláwọ ní Bẹẹrẹ, tó ń rán gàárì ẹṣin àti tìmùtìmù, ni òun àti Bàbá jọ jókòó sídìí wàláà kan nílé kéwú. Kò sí ẹni tó mọ èyí tó ṣe ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì, nítorí kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Ìjà tí wọ́n ti ń jà láti kékeré nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì ń fi ẹyẹ jà. Lọ́dọọdún, bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ tí ojú ọ̀run mọ́, wọn yóò kó ẹyẹ wọn sínú apẹ̀rẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń fi rélùwéè kó obì lọ sí Òṣogbo. Ọkùnrin náà yóò tú wọn sílẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí ìrì bá gbẹ. Ẹyẹ tó bá kọ́kọ́ dé, wọn yóò sáré gbé e lọ síwájú ìsọ̀ onífìlà kan ní Ọjà'ba, òun ni yóò sì dájọ́. Èrè rẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹni tí ẹyẹ rẹ̀ pẹ́ dé yóò máa pe èkejì rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n títí di ọdún tó ń bọ̀, yóò sì máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

Ọdún púpọ̀ ni Bàbá Ràímì fi ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Kò sì mọ oúnjẹ fún ẹyẹ. Ohun tó bá wà nílé ló ń fọ́n fún wọn. Lọ́jọ́ kan ó wọlé tọ̀ wá wá, ó jókòó sórí ẹní, ó sì ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti sú mi láti máa pè yín ní ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ ń fún àwọn ẹyẹ yìí jẹ gan-an?"

"Ohun tí mo ti ń sọ fún ọ láti ọjọ́ yìí náà ni."

"Mo máa ń gbàgbé. Àṣàkẹ́ ṣáà ń lọ sílé ìwé. Kó kọ ọ́ fún mi. Ọkọ ọmọ mi á máa kà á sí mi létí."

Ilé ìwé tó wí yẹn, ọ̀rọ̀ ńlá ni nílé wa. Ilé ìmàle ni ilé wa, ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́ sì ni. Àwọn àbúrò Bàbá ti dìde sí i lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n mú mi kúrò kí n tó gbàgbé ẹ̀sìn. Bàbá sọ fún wọn pé, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Oúnjẹ wa ló jẹ jáde, yóò padà wálé." Wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá ìdí.

Bàbá ń ṣọnà, ó ń sọ ọ́, èmi sì ń kọ ọ́ sórí síléètì: nígbà ọyẹ́, èyí, nígbà òjò, tọ̀hún. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ sílé ìwé láti dà á kọ sórí ìwé dáadáa. Olùkọ́ wa ti ń kọ́ wa bí a ti ń fa ìlà sójú ìwé, kí ohun tó wà lápá òsì lè kojú èyí tó wà lápá ọ̀tún. Mo fa ìlà tó tọ́. "Nígbà ọyẹ́" kò wá dára lójú mi mọ́, nítorí kò ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí. Mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, mo sì kọ orúkọ oṣù méjèèjìlá tí à ń kà nílé sípò rẹ̀, láti Mùhárámù lọ. Lọ́dún yẹn, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí. Nítorí náà, níwájú Ṣàwálù, oṣù tí à ń wọ̀ bí a bá túnu, mo kọ ọ́ pé: àgbàdo ti ọdún yìí. N kò kà á fún Bàbá kí n tó fún Bàbá Ràímì. Ìwé náà lẹ́wà jù lójú mi.

Àwọn ọ̀dọ́ kan lè má tètè rí àṣìṣe náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń ka ọdún ìmàle, ọdún náà sì fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju èyí tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ fi ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó gbààwẹ̀ láàárín òjò nígbà èwe lè gbà á nínú ọyẹ́ nígbà tó bá dàgbà. Gbogbo ilé wa ló mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo kàn gbàgbé pé ẹyẹlé kì í gbààwẹ̀.

Bàbá Ràímì rán awọ pupa yí ìwé náà ká, bí wọ́n ti ń rán awọ yí tírà ká, ó sì fi í kọ́ ara ògiri. Ó ń tẹ̀ lé e bí ẹni ń tẹ̀ lé òfin. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, oṣù náà kò tíì sún jù, oúnjẹ náà sì bá ìgbà mu. Lọ́dún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Jagun, akọ ẹyẹlé eléérú tí Bàbá Ràímì ní, ló kọ́kọ́ dé láti Òṣogbo. Ó di Bàbá tèmi tí ń pe èkejì rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n, kò sì dùn ún rárá. Bí wọ́n bá pàdé ní Ọjà'ba, yóò kígbe láti òkèèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n Ràímì, ẹ kú ọjà o! Ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ ta ni Jagun jẹ kó tó fò?"

Lọ́dún kẹrin, Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí àárín òjò. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ sààrà ọdún tán ni, ọjọ́ karùn-ún Ṣàwálù, nígbà tí Bàbá Ràímì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láìkí ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ tutù fún òjò. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan kalẹ̀ níwájú Bàbá. Òkú ẹyẹlé mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Jagun ló wà lókè, ọrùn rẹ̀ wú bí ọsàn.

"Sànúsí, ṣé bí ó ti wù ọ́ láti jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó nìyí?"

Bàbá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ọrùn ẹyẹ náà, ó rọra tẹ̀ ẹ́. "Àgbàdo tuntun. Ràímì, ta ló ní kí o fún wọn ní àgbàdo tuntun?"

"Ìwọ ni!" Ó ju ìwé náà sílẹ̀ pẹ̀lú awọ rẹ̀. "Ìwọ náà ni!"

Bàbá mọ kéwú kà, ṣùgbọ́n kò mọ irú ìwé tèmi. Ó gbé e fún mi. "Àṣàkẹ́, kà á."

Múnírù àti méjì nínú àwọn àbúrò Bàbá ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń kà á níṣojú gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé Ṣàwálù, mo rí òjò níta, mo sì rí ohun tí mo ṣe.

"Tún ibẹ̀ kà," ni Bàbá wí.

Mo tún un kà. Bàbá kọjú sí ìta díẹ̀, ó sì kọjú sí mi. Kò lè rí ojú mi dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ohùn mi. Etí tó fi ń mọ ọkà tó tutù ni ó fi gbọ́ ọ.

"Bí mo ti sọ ọ́ fún un pé kó kọ ọ́ nìyẹn," ni Bàbá wí. "Ẹnu mi ló ti jáde, Ràímì. Èmi ni mo ṣì í sọ. Má bínú."

Mo la ẹnu. Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà sì wúwo, mo sì mọ ohun tó ń wí.

"Má pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́," ni Bàbá Ràímì wí. "Má sì pè mí ní ẹ̀gbọ́n." Ó jáde sínú òjò, kò gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó ku èmi àti Bàbá, mo sunkún, mo ní kí ó jẹ́ kí n sáré lọ sọ òótọ́. Ó kọ̀. "O kò rí àwọn àbúrò mi tó dúró níbẹ̀? Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìwé rẹ pa ẹyẹ mẹ́sàn-án, o kò ní fẹsẹ̀ kan ilé ìwé yẹn mọ́. Bí mo bá kú, sọ ọ́. Ní báyìí, ó ti di tèmi." Ó na ọwọ́ mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, máa wo ìta kí o tó kọ̀wé."

Ohun tí Bàbá wá ṣe lọ́jọ́ kejì ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé. Ó mú Àyọ̀ká. Àyọ̀ká ni abo ẹyẹlé funfun tí orí ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì dúdú, òun ló yára jù ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ Bàbá Ràímì tí a ti fọ̀, ó gbé àpò àgbàdo ọdún tó kọjá lé mi lórí, a sì mú ọ̀nà pọ̀n. A gba Ọjà'ba, a gba ẹsẹ̀ òkè Màpó, a dé Bẹẹrẹ. Èmi ni mo ń sọ fún un ibi tí kòtò wà. Bàbá Ràímì kò jáde. Ìyàwó rẹ̀ ló gba apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ igbe Ìyá Àgbà láti ẹ̀yìnkùlé: "Àyọ̀ká ti dé o!" Ó wà lórí òrùlé koríko, ó ń ké sí wa.

Inú mi dùn. Bàbá kò yọ̀. Ó ní, "Kì í ṣe tiwa mọ́." Ó kọ́kọ́ fún un ní omi, ó sì fún un ní ọkà bàbà díẹ̀, nítorí bó ti máa ń ṣe fún ẹyẹ tó bá ti ọ̀nà dé nìyẹn. Lẹ́yìn náà, a tún gbé e padà lọ sí Bẹẹrẹ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan. "Àyọ̀ká tún ti dé o!" A tún gbé e padà. Lọ́tẹ̀ yìí, a gbọ́ ohùn Bàbá Ràímì láti inú ilé: "Ẹ sọ fún un kó máa gbé ẹyẹ rẹ̀ lọ!" Bàbá dáhùn lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹyẹ rẹ ni," ó gbé e sílẹ̀, a sì yíjú padà. Ó tún dé. A tún lọ. Àwọn tó ń tajà ní Ọjà'ba ti ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ Bàbá ń dùn ún, kò sì gbà kí Múnírù bá òun lọ. "Ẹnu Múnírù kọ́ ló ti jáde," ni ó wí. Mo mọ̀ pé ẹnu tirẹ̀ náà kọ́, gbogbo ìṣísẹ̀ ọ̀nà yẹn sì ń gún mi lọ́kàn.

Ìgbà karùn-ún ni Bàbá Ràímì jáde wá fúnra rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò wá, èmi, Bàbá, àti apẹ̀rẹ̀.

"Sànúsí, ṣé o kò lè fún ẹyẹ yìí ní oúnjẹ tí kò dùn, kó lè gbàgbé ilé rẹ?"

"N kò mọ irú rẹ̀ sè," ni Bàbá wí.

Bàbá Ràímì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó kígbe sínú ilé pé kí wọ́n gbé ẹní wá, kí wọ́n sì bu omi fún àgbà.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Jímọ̀ ni Àyọ̀ká máa ń dé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Kì í yẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà ní, "Ẹyẹ yìí mọ Jímọ̀ ju Múnírù lọ." Bàbá yóò bọ́ ọ bí ìgbà bá ti wà, yóò wọ agbádá rẹ̀, yóò sì ké sí mi. Bí a bá dé Bẹẹrẹ, àwọn méjèèjì yóò jókòó sórí ẹní títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Wọn kò fi ẹyẹ sáré mọ́. Wọn kò pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n mọ́ pẹ̀lú. Mo jókòó tì wọ́n ní ọ̀pọ̀ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ náà a wá dé orí ahọ́n mi, n óò sì tún gbé e mì. Ọdún mẹ́fà ni a fi rin ọ̀nà náà. Láàárín rẹ̀ ni mo parí ilé ìwé, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Òkè Adó.

Inú ọyẹ́ ni Bàbá lọ, ní ọjọ́ Àtàláátà. Mo wà nílé ní àárọ̀ náà. Kò lè dìde mọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ tí àwọn ẹyẹ ń jí.

"Àṣàkẹ́, ṣé ọyẹ́ ti ń fẹ́?"

"Ó ti ń fẹ́, Bàbá."

"Ẹ̀pà," ni ó wí. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Mo lọ bọ́ wọn. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti sùn.

Bàbá Ràímì wá síbi ìsìnkú. Ó bu yẹ̀pẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, a wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn tó ń bá wa kẹ́dùn. Ìyá Àgbà ló gbọ́ ọ. Kò kígbe lọ́tẹ̀ yìí. Ó wọlé, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Àyọ̀ká tún ti dé."

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí a ó ṣe. Mo fún ẹyẹ náà lómi, mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, mo sì mú ọ̀nà Bẹẹrẹ pọ̀n lémi nìkan. Nígbà tí mo dé ibi tí kòtò wà ní ẹsẹ̀ Màpó, mo rántí pé kò sí ẹni tí n óò sọ fún.

Bàbá Ràímì jókòó sórí ẹní. Ààyè ẹnì kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìdúró, kí n má baà tún gbé e mì: ìlà tí mo fà, oṣù tí mo kọ, ọwọ́ tí Bàbá gbé lé mi lórí. Ó gbọ́ mi dé òpin.

"Dìde," ni ó wí. "Mo mọ̀."

"Bàbá?"

"Ọjọ́ tó ti sọ ọ́ ni mo ti mọ̀, kí n tó dé Ọjà'ba gan-an. Sànúsí tí kò mọ oṣù tí wọ́n bí Múnírù! Òun ni yóò wá fi oṣù bọ́ ẹyẹ? Irọ́ kan ṣoṣo tó pa fún mi láyé nìyẹn, kò sì mọ̀ ọ́n pa."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kó máa rin ọ̀nà yìí, pẹ̀lú ojú yẹn?"

Kò bínú sí mi fún ìbéèrè náà. Ó ṣí apẹ̀rẹ̀, ó mú Àyọ̀ká jáde, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Ṣé o rò pé ẹyẹ ló ń ka Jímọ̀? Inú ilé ni mo ń tì í mọ́ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí mo bá ti kírun Jímọ̀ tán, èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún un. Bí mo bá sọ fún Sànúsí pé mo mọ̀, yóò ní ọ̀rọ̀ ti tán, yóò sì jókòó sílé rẹ̀. Ta ni ì bá wá máa wá bá mi jókòó síbí?" Ó wo ààyè tó ṣófo náà. "Lónìí, mo kírun tán, ọwọ́ mi lọ ṣí i. Mo kàn ṣí i ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, mo sì tún ń ṣílẹ̀kùn."

Ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀gbọ́n, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ òjò yẹn. Mo jókòó sórí ẹní náà títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n gbé Àyọ̀ká lọ sílé, ó ní ilé rẹ̀ ṣáà nìyẹn. Mo ní ẹyẹ yín ni, Bàbá. Mo fi í sílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Ìyá Àgbà ké láti ẹ̀yìnkùlé bí ó ti máa ń ké tẹ́lẹ̀: "Àyọ̀ká tún ti dé o!"

Mo jáde, mo wo ìta. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Mo fún un lómi, mo fún un ní ọkà bàbà díẹ̀, mo sì fi ẹ̀pà mẹ́ta lé e. Lẹ́yìn náà, mo lọ wá apẹ̀rẹ̀.